Mọ́tò tó ń sáré jù láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ Èkó: stár méjì ni mo fún wọn

Stár méjì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wọ mọ́tò wọn, tẹ́ ẹ bá bi mí lọ́dún tó kọjá, márùn-ún ni ǹ bá fún wọn, màá tún bá wọn wá èrò kún un. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bóyá ó yẹ kí wọ́n fìyà jẹ dẹ́rẹ́bà tó ń sáré jù kódà tó bá mọ ọkọ̀ wà, kan ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń ná ọ̀nà wa yìí, àti àwa èrò tá a ń wọ̀ ọ́ pàápàá.

Aṣọ ni mò ń rán ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò kì í lọ sọ́jà Balógun l'Ékòó lọ ra láínì, síìpù, òwú àti òkúta tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ léèsì, tó bá wá ti ku bí oṣù méjì sí àjọ̀dún Ojúde Ọba, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, bá ti ń kó aṣọ ẹgbẹ́ wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń lọ lọ́sẹ̀, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì lè yẹ̀ nítorí télọ̀, oníbàárà tó bá gba aṣọ ẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn mọ́tò tó ń tètè dé, tí mo fi ń san ẹgbẹ̀rún kan náírà lé ti àwọn yòókù láti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n dáa sí. Mọ́tò wọn mọ́, AC wọn ń ṣiṣẹ́, wọn kì í há èèyàn mẹ́rin sórí síìtì ẹni mẹ́ta. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́fà àárọ̀ làwọn máa gbéra, mẹ́fà náà ni, kódà tí èrò ò tíì pé. Nígbà kan mo gbàgbé léèsì oníbàárà sí abẹ́ síìtì, odindi yáàdì márùn-ún, ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí pé kí n wá gbé e, wọn ò tiẹ̀ tú ọ̀rá ẹ̀ wò. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn, stár méjì tí mo fún wọn yẹn, torí ẹ̀ ni.

Ó wá kan bàbá dẹ́rẹ́bà.

Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, bàbá yẹn mọ mọ́tò ó wà. Àgbàlagbà ni, á ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í mutí, tó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, ńṣe ló máa ń pa fóònù ẹ̀. Èmi kì í lè jókòó sẹ́yìn torí pé èébì máa ń gbé mi, iwájú ni mo máa ń búkù, nítorí náà mo ti wo ọwọ́ bàbá yìí fún ọdún mẹ́rin bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀. Gbogbo kòtò tó wà láti Lagos Garage n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí títí dé Berger l'Ékòó ló mọ̀, kó tó dé ìdí kòtò ló ti kúrò lójú ẹ̀, èrò ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Tó bá rí tírélà níwájú, á ti mọ̀ pé ó fẹ́ yà kí onítírélà tó tan iná. Tó bá fẹ́ dúró, kò ní já yín lulẹ̀, ẹ lè gbé ife tíì lọ́wọ́ kó má dà. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé bí bàbá yẹn ṣe ń di ọwọ́ ọkọ̀ mú ló yẹ kẹ́ ẹ máa di aṣọ mú lábẹ́ abẹ́rẹ́, kó má le, kó má sì dẹ̀.

Àmọ́ èmi ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ojú mi ń rí abẹ́rẹ́ tó ń ka sípíìdì. 120. 130. Lọ́jọ́ tí títì bá dá, 140. Ọkọ̀ akérò bíi tiwa, 90 lòfin ní kó sá mọ lórí márosẹ̀, mọ́tò ilé ló ni 100. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, kò sì jọ mí lójú, ohun tí mo máa ń sọ ni pé àwọn tí ò mọ ọkọ̀ wà ni wọ́n ṣe òfin yẹn fún.

Gbogbo wa nínú mọ́tò la gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan àwọn Road Safety dá wa dúró kété tá a kúrò ní intashéńjì Ṣágámù, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ti ká a pé eré ti pọ̀ jù. Ẹ wá wo èrò! Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, à ń bínú, ìyá àgbà kan ní kí wọ́n lọ mú àwọn ọmọ tó ń fa igbó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, kí wọ́n fi bàbá olóòótọ́ sílẹ̀, èmi náà da tèmi sí i, mo ní ṣé ẹ ti rí i kó forí sọ nǹkan rí ni? Wọ́n kọ ìwé fún un ṣá. Ẹ̀rún mẹ́ta náírà ni fáìn eré àsápajúdé nínú ìwé òfin ọdún 2012, pẹ̀lú póínǹtì mẹ́ta lórí láísẹ́ǹsì, owó ọkọ̀ tí èmi nìkan san láàárọ̀ ọjọ́ yẹn san án ó ṣẹ́kù. Bàbá ki ìwé yẹn bọ àpò, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́rẹ́ ti padà sí 130. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù keje ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀. Èkó la ti ń bọ̀, òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, ó ti dá, àmọ́ títì ṣì tutù. A ti kúrò ní intashéńjì, a ti ya sọ́nà Benin, aago méje ti lù díẹ̀, àkókò yẹn tí ojú ọ̀run ò tíì ṣú tán tí iná mọ́tò ò sì tíì ràn dáadáa. 128 ló wà, mo rántí torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni. A ò tíì dé oríta Òdógbolú. Tírélà kan ti kú sójú títì, kò tan iná, ewé tútù díẹ̀ ni wọ́n já tí wọ́n tò sẹ́yìn ẹ̀, mọ́tò tó wà níwájú wa ló sì bò ó mọ́ wa lójú. Ìyẹn kàn ṣàdédé yà sósì báyìí ni, bẹ́ẹ̀ ni ìdí tírélà yọ sí wa bí ògiri.

Bàbá ò pariwo. Ó tẹ bírékì lẹ́ẹ̀kan, ó tú u, ó yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, mọ́tò bọ́ sétí títì, ó gba àárín tírélà àti gọ́tà kọjá, ó yí i padà, a ti dé orí títì. Kò tó ohun tí èèyàn máa fi ka ení dé ẹẹ́rin. Kò sí báàgì kan tó já bọ́ látòkè.

Ìyá kan wà létí títì yẹn.

Àgbàdo ló ń sè tà. Ìkòkò ẹ̀ wà lórí iná, agbòòrùn ńlá kan wà lórí ẹ̀. Nígbà tí mọ́tò kọjú sí i, ó ti na ṣírí àgbàdo kan sókè sí wa, torí ó rò pé a fẹ́ dúró rà ni. Mo rí ojú ẹ̀. Mo rí ìgbà tó yé e pé a ò dúró, ó jù ara ẹ̀ sẹ́yìn sínú gọ́tà pẹ̀lú àgbàdo yẹn lọ́wọ́. Dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò gbá agbòòrùn, ìkòkò dojú dé, omi gbígbóná fọ́n sí fèrèsé ọ̀dọ̀ mi. Háhá àgbàdo kan lẹ̀ mọ́ fèrèsé yẹn, kò já títí a fi dé Lagos Garage.

Bàbá ò dúró.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ohun tá a ṣe nínú mọ́tò? A dá orin ọpẹ́. "Ọwọ́ yín ò ní rọ o, bàbá!" "Dẹ́rẹ́bà àtàtà!" Ẹnì kan ní ká dá owó fún un, a dá a, èmi náà mú ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀. Mo ní bàbá, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Kò dáhùn. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n lórí gíà, ọwọ́ tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Nígbà tí mo délé, ìkọ́kọrẹ́ ni ọmọ mi gbé fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ro ó títí. A yin bàbá pé ó yọ wá, bẹ́ẹ̀ eré ẹ̀ ló kó wa sí i. Ọgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ yọ àwa tá a wà nínú mọ́tò, ibi tó sì yọ wá gbà, ibi tí ẹlòmíì dúró sí ni. Ìyá yẹn ò sanwó ọkọ̀, kò bá wa kánjú lọ síbì kankan.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS2, fíṣíìsì ló ń ṣe. Mo ní kó bá mi ṣírò ẹ̀. Ó ní ní 90, mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọkọ̀ ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní 128 ó ju mítà márùndínlógójì lọ, ìyẹn kí ẹsẹ̀ èèyàn tó kan bírékì rárá o. Ó wá ní tó bá di ká tẹ bírékì, tí eré bá kúrò ní 90 tó di 128 báyìí, ọ̀nà tí mọ́tò máa rìn kó tó dúró á di ìlọ́po méjì, torí ńṣe ni wọ́n ń fi eré náà sọ ara ẹ̀ di púpọ̀. Tí 90 bá gba nǹkan bíi mítà márùndínláàádọ́ta lórí títì gbígbẹ, 128 máa gba bí àádọ́rùn-ún, tí ilẹ̀ bá tutù ó tún máa jù bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa, ibo lo fi pé dẹ́rẹ́bà náà mọ ọkọ̀ wà sí nínú ìṣírò yìí? Ó wo ìwé ẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, kò sí níbẹ̀."

Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lè tètè rí nǹkan, ó lè mọ ìgbà tó yẹ kó tú bírékì, àmọ́ kò lè sọ títì tútù di gbígbẹ, kò sì lè fi ọwọ́ gbé ìyá alágbàdo kúrò létí títì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo lọ wá ìyá náà. Mọ́tò Ṣágámù ni mo wọ̀, mo ní kí wọ́n já mi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bá a, ó ti padà sẹ́nu ọjà ẹ̀, ìkòkò míì ló ń lò, ó fi báńdéèjì di apá òsì. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ọjà mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo wà nínú mọ́tò tó da ìkòkò yín nù. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo jókòó níwájú. Mo rí ọ. Èmi àtìwọ la wojú ara wa."

Mi ò lè fọhùn.

Ó ní omi gbígbóná ló bó òun lápá, ẹsẹ̀ òun náà sì yẹ̀ nínú gọ́tà àmọ́ ó ti ń lọ sílẹ̀. Ó wá sọ ohun tí mi ò retí. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà yín mọ mọ́tò wà o, ọmọ mi. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ǹ bá ti kú." Ó da iyọ̀ sínú ìkòkò, ó ní, "Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ò dúró. Ẹ ò mọ̀ bóyá mo kú, bóyá mi ò kú." Mo fún un ní owó ìkòkò àti ti àgbàdo ọjọ́ yẹn, ó gbà á, ó ṣàdúrà fún mi, ó tún dì mí ní àgbàdo mẹ́rin pé kí n mú un fáwọn ọmọ. Ẹni tá a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ló ń dì mí ní àgbàdo.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mánéjà gbà mí dáadáa, ó fún mi ní omi tútù, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́tàlélógún ni bàbá yìí ti ń wakọ̀, kò pa èèyàn rí, tírélà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bá jà." Mo ní lóòótọ́, onítírélà jẹ̀bi, kí wọ́n mú òun náà, ẹ̀bi ẹnì kan ò wẹ ẹ̀bi ẹnì kejì mọ́. Mo wá bi í léèrè sípíìdì límítà, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò kọjá eré tí wọ́n fi í sí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni Road Safety ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ akérò tí ò bá ní in. Ó ní ó wà nínú gbogbo mọ́tò àwọn. Ọmọ kan tó ń fọ mọ́tò wọn ló sọ fún mi níta pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ mà, wáyà ẹ̀ ni wọ́n já.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ wo táyà tí mò ń gùn láti ọdún mẹ́rin wá. Gbogbo táyà ló ní nọ́ńbà mẹ́rin kan tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún. Ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kà 2415. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún, ọdún 2015. Tokunbo ni, wọ́n kùn ún ní dúdú ó ń dán, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wò, ó ti sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Lórí táyà yìí là ń sá 140. Ọwọ́ bàbá mọ iṣẹ́, táyà ni ò mọ bàbá.

Mánéjà yẹn tún ní owó làwọn Road Safety ń wá kiri, kò sí nǹkan míì. Èyí dùn mí. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú wọn tí ò ṣe é dáadáa, mi ò gbèjà ẹni yẹn. Àmọ́ ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ọmọ yín ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, Ìsarà ni bàbá ẹ̀ ti wá, òun ló wà nídìí ẹ̀ṣọ́ ojú títì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1977, nígbà tó ń ṣe tíṣà ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá FRSC, àwọn Road Safety yìí, sílẹ̀ lọ́dún 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Òkú ọmọ ọlọ́mọ ló bí iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe owó.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀ọ̀dá mi àgbà tó gbé ní Jámánì tẹ́lẹ̀ ní ibẹ̀ ńkọ́, níbi tí èèyàn ti lè sá iye tó bá wù ú lórí márosẹ̀? Mo ní bọ̀ọ̀dá, ẹ ò sọ ọ́ tán. Àwọn ibì kan ni ò ní gbèdéke, ìjọba wọn ṣì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má kọjá 130, mọ́tò ilé sì nìyẹn. Bọ́ọ̀sì akérò ńkọ́? 80 ni tiwọn, èyí tó bá pé gbogbo ohun tí òfin béèrè ló lè sá 100. Nílẹ̀ Jámánì yẹn kan náà! Bẹ́ẹ̀ títì wọn ò ní ìyá alágbàdo, kò sí ọ̀kadà tó ń gba wọ́ń-wéè, ewúrẹ́ ò ní ya lọ sódì kejì. Bọ̀ọ̀dá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn ti gbàgbé ti bọ́ọ̀sì.

Àbúrò mi wà ní Ìlú Ọba, kámẹ́rà ká a lórí márosẹ̀ wọn tó ń sá ju 70 máìlì lọ, ìyẹn bíi kílómítà 112. Lẹ́tà ló wọlé sí i, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn àti póínǹtì mẹ́ta. Tí póínǹtì bá pé méjìlá láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì ẹ̀. Kámẹ́rà ò bi í pé ọdún mélòó ló ti ń wakọ̀. Ó bínú gan-an lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ó ní látìgbà yẹn òun kì í tẹ̀ ẹ́ jù mọ́, torí ó mọ̀ pé tó bá tún ṣe é, wọ́n á tún rí òun.

Ìdáhùn mi rèé fún ẹni tó bá ní kí wọ́n fi àwọn tó mọ ọkọ̀ wà sílẹ̀. Ta ló máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Ẹ lọ sí Lagos Garage, ẹ lọ sí Ibadan Garage, ẹ bi gbogbo dẹ́rẹ́bà tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ bóyá wọ́n mọ ọkọ̀ wà, kò sí ẹyọ kan tó máa sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wa mọ́tò kékeré lẹ́yìn bàbá yẹn ńkọ́? Mo ti rí wọn, wọ́n máa ń tẹ̀ lé e ni, tó bá sá 130, àwọn náà á sá 130, wọn ò sì ní ọwọ́ ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jù ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé títì kì í ṣe tòun nìkan. Ayrton Senna, ọmọ Brazil, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba ife àgbáyé nínú eré mọ́tò, ta ló mọ̀ ọ́n wà tó o? Lórí títì tí wọ́n dìídì ṣe fún eré, ní Imola nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1994, ibẹ̀ ló ti ní ìjàǹbá tó pa á. Mi ò fi ṣẹlẹ́yà o, ikú ẹ̀ dun gbogbo ayé.

Nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó bá sáré jù, kódà tó bá mọ ọkọ̀ wà. Kì í ṣe bíi ti ọjọ́ yẹn tí bàbá ki ìwé bọ àpò tá a tún pàtẹ́wọ́ o. Ẹ̀rún mẹ́ta náírà kéré jù, owó èrò kan ni. Kí wọ́n máa ka póínǹtì yẹn gan-an, kí wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tí tiẹ̀ bá ti kún, ọmọdé ni o, àgbà ni o. Kí wọ́n sì dá ẹni tó ni mọ́tò mọ́ ọn, torí bàbá ò ṣàdédé máa sáré, mo gbọ́ tí mánéjà ń pè é ní páàkì pé ẹ tètè máa bọ̀, èrò ti ń dúró. Kí àwa èrò náà sì yé gbè sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá mú. Èmi wà lára wọn, ó dùn mí.

Ní báyìí, mọ́tò míì ni mò ń wọ̀, Hiace, páàkì wọn ò jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Stár mẹ́rin ni mo fún wọn. Límítà tiwọn ń ṣiṣẹ́, tó bá ti kan 90, ó máa ń ké kíí-kíí-kíí, dẹ́rẹ́bà lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí, mọ́tò ò ní gbọ́. Stár kan tí mo yọ, AC wọn ò tutù, àti pé àfi kí èrò kún kí wọ́n tó gbéra, mo ti jókòó wákàtí kan àti ààbọ̀ rí nínú oòrùn, ìyẹn ò dáa, kí wọ́n tún un ṣe. Síìtì tó wà lẹ́yìn pátápátá le, ẹni tó bá ga kó má búkù ibẹ̀.

Ṣé kì í pẹ́ jù? Mo fi aago wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà, àlọ àti àbọ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lórí ìrìn ò kọjá ogún ìṣẹ́jú rí, lọ́jọ́ méjì tiẹ̀ wà tí kò tó márùn-ún, torí pé bẹ́ ẹ bá sá eré ju ẹṣin lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde, tẹ́ ẹ bá dé Mọ́wé tàbí Ìbafò, gosílóò ló máa dá gbogbo yín pọ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: ọgọ́ta kílómítà ní 90, ogójì ìṣẹ́jú, ní 120, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo máa ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Ní Iléyá tó kọjá yìí, mo ti ń kúrò nílé ṣáájú aago márùn-ún àárọ̀ ni, gbogbo aṣọ ẹgbẹ́ tí mo gbà ló sì jáde, kò sí oníbàárà kan tó bá mi jà.

Mo ṣì ń rí bàbá yẹn ní gáréèjì, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, ó sì máa ń dáhùn dáadáa, mi ò kórìíra ẹ̀ láé. Mo sọ fún un pé ìyá náà ò kú. Ó ṣí fìlà, ó ní "Alhamdulillah", ó bi mí pé apá wo ló bó. Ó ní òun ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní bàbá, ẹ bá mi sọ fún mánéjà kó so wáyà yẹn padà. Ó ní òun ti sọ.

Mo ti pe ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá so wáyà límítà padà, tí wọ́n pààrọ̀ táyà 2415 yẹn, tí wọ́n sì rán ẹnì kan lọ bá ìyá alágbàdo, màá padà wá síbí wá tún iye stár wọn kọ.